Building surveying: kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ wo ló sì wà nídìí ẹ̀?

Dámọ́lá_T
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdírì ni, mo wá fẹ́ mú kọ́ọ̀sì tí mo máa kọ́ ní yunifásítì. Dádì mi ní civil engineering, mọ́mì mi ní architecture ló yẹ mí torí mo mọ àwòrán yà. Èmi wá ń wo ìwé àwọn yunifásítì lọ, mo bá rí building surveying, mo kà á, mo tún un kà, ó wù mí ṣùgbọ́n kò tíì yé mi dáadáa. Físíìsì ò le fún mi, mo fẹ́ràn kí n máa ya nǹkan, mo sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òfin, ṣùgbọ́n máàtì tó bá ti jìn jù ń sú mi. Ṣé kì í ṣe àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta létí títì nìyẹn? Kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an, tí mo bá sì ṣe tán iṣẹ́ wo ni mo lè ṣe? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ èyí tó dáa àti èyí tí ò dáa fún mi.

Kọ́lé_Kọ́lá
Àbúrò, ó dáa tó o bèèrè. Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn, sáfẹ́yọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n, ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Quantity surveyor náà wà, ìyẹn ló ń ṣírò ohun èlò àti owó tí ilé kan máa gbà. Valuer wà, òun ló ń sọ iye tí ilé tó. Sáfẹ́yọ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, ibẹ̀ ló ti ń dojú rú mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Building surveyor ní tiẹ̀, ilé tó ti dúró sílẹ̀ ló sábà máa ń bá ṣiṣẹ́. Ó máa yẹ̀ ẹ́ wò láti òrùlé dé ìpìlẹ̀, ó máa sọ ohun tó ń ṣe é àti ìdí tó fi ń ṣe é, ó máa kọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe sílẹ̀, ó sì lè dúró ti iṣẹ́ náà títí wọ́n á fi kó kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́.

Ní yunifásítì wọ́n á kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé, kì í ṣe ti òde òní nìkan o, ti ayé àtijọ́ náà, torí ilé tó o máa bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀ máa jù ẹ́ lọ. Wọ́n á kọ́ ẹ ní òfin kọ́ńtíráàtì, òfin onílé àti ayálégbé, òfin ìkọ́lé ìjọba. Yíya pílánù lórí kọ̀ǹpútà wà ńbẹ̀, ètò omi àti iná inú ilé wà ńbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ àti owó náà wà ńbẹ̀. Èyí tó jẹ́ ọkàn ẹ̀ ni building pathology, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí ilé ṣe ń bàjẹ́ àti ohun tó ń bà á jẹ́. Ní Ìlú Ọba ọdún 3 ni dígírì ẹ̀, ó máa di 4 tó o bá fi ọdún kan lọ ṣiṣẹ́ níbì kan láàárín ẹ̀, èmi sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kó mú ti ọdún 4 yẹn.

ÌyáÌbejì_Ilé
Dámọ́lá ọmọ mi, káàbọ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ilé tí èèyàn fẹ́ rà ni mo máa ń lọ yẹ̀ wò kó tó kówó sílẹ̀. Níbí ní Ìlú Ọba, RICS tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn sáfẹ́yọ̀ pín àyẹ̀wò ilé gbígbé sí ìpele 3. Ìpele 1 kò jìn, ìpele 3 ló jinlẹ̀ jù, òun la máa ń ṣe fún ilé àtijọ́ àti ilé tí wọ́n ti tún ṣe ní àtúntúnṣe. Nínú rípọ́ọ̀tù a máa fún apá kọ̀ọ̀kan ilé náà ní nọ́ńbà: 1, kò sí wàhálà, 2, ó fẹ́ àtúnṣe ṣùgbọ́n kò kánjú, 3, ó ti bàjẹ́ gan-an tàbí kí wọ́n tètè wá wò ó.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ́ ni iṣẹ́. Jẹ́ n fi ọ̀kan hàn ẹ́. Wọ́n á pè mí pé ògiri pálọ̀ ń rin, ẹnì kan ti wá ṣáájú mi, ó ki ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin bọ ara ògiri, ẹ̀rọ ké, ó ní omi ló ń gòkè látinú ilẹ̀, kí wọ́n lu ògiri ní ihò kí wọ́n fi oògùn sí i. Ó dáa. Ẹ̀rọ yẹn, bí iná mànàmáná ṣe ń rọ́nà gba inú nǹkan kọjá ló ń wò, igi ni wọ́n sì ṣe ìdíwọ̀n ẹ̀ fún, kì í ṣe ògiri. Tí iyọ̀ bá ti wà lára ògiri, ó máa ké bí ògiri ọ̀hún tiẹ̀ gbẹ. Nítorí náà mi ò ní sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá bọ́ síta. Mo máa wo ilẹ̀ ìta bóyá ó ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, bóyá ẹnì kan kó yẹ̀pẹ̀ ti ògiri, bóyá gọ́tà ti dí tó ń da omi sára bíríkì. Mo máa wọlé padà, mo máa bèèrè iye èèyàn tó ń gbé níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, bóyá fèrèsé ń ṣí. Dúdú tó wà ní kọ̀rọ̀ òkè tàbí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, èémí àti ooru inú ilé ló lọ pàdé ògiri tútù tó di omi, kò kan ilẹ̀ rárá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tó mọ ní bíi mítà 1, tí iyọ̀ funfun fa ìlà sí òkè ẹ̀, ìyẹn la tó lè máa fura sí omi ilẹ̀. Ọ̀rinrin 3 lójú kan náà, àtúnṣe ẹ̀ ò jọra rárá. Èèyàn á sanwó oògùn, ògiri á sì tún rin, torí gọ́tà ló ń jò. Ìdí nǹkan ni wọ́n ń kọ́ ẹ láti wá ní building surveying, ẹni tó bá ti mọ ìyẹn, ìyókù máa tẹ̀ lé e.

Ògbólógbòó_Eng
Mi ò bá ẹnì kankan jà o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ọmọ yìí. Tí ògiri bá sán gidi, tí bíìmù bá tẹ̀, building surveyor á kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tù pé kí wọ́n lọ pe structural engineer. Kí ló dé tí kò fi ní lọ ṣe engineering tó máa jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n á lọ pè? Engineering gbòòrò, ó lè kọ́ afárá, ó lè ṣe ọ̀nà, ó lè kọ́ ìsédò, orílẹ̀-èdè tó bá dé wọ́n mọ ohun tó ń jẹ́ ẹnjiníà. Dámọ́lá, ọ̀rọ̀ bàbá ẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká gbé sẹ́yìn o.

Kọ́lé_Kọ́lá
@Ògbólógbòó ẹ̀gbọ́n, ẹ ò purọ́, ìṣirò bíìmù kì í ṣe tiwa, sáfẹ́yọ̀ tó bá sì kọjá ibi tí ìmọ̀ ẹ̀ mọ ń fi orúkọ ara ẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ pé ògiri yìí tó nǹkan tí wọ́n ń pe ẹnjiníà sí? Ọ̀pọ̀ ògiri tó sán ni kò kan ẹnjiníà. Àwọn BRE, ìyẹn àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìkọ́lé ní Ìlú Ọba, ní ìwé ìtọ́sọ́nà kan, Digest 251, tó pín ògiri sísán sí ìpele láti 0 dé 5. Tí kò bá tó mílímítà 0.1, kò sí nǹkan tó ṣe é. Títí dé mílímítà 5, wọ́n lè dí i kí wọ́n kùn ún. Láti 15 sí 25, ó ti di iṣẹ́ ńlá. Ohun tó bá ti ju 25 lọ, ẹ̀rù ilé yẹn ń bani.

Bó ṣe fẹ̀ tó nìkan kọ́ sì ni. Mo máa wò ó bóyá òkè ló fẹ̀ ju ìsàlẹ̀, bóyá ó gba igun fèrèsé sọ̀ kalẹ̀, bóyá inú àti ìta ni wọ́n ti jọ sán lójú kan náà tàbí rírẹ́ ara ògiri lásán ló là. Mo máa tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀: tí ìdọ̀tí àti ọ̀dà àtijọ́ bá wà nínú ẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti sán, ó lè jẹ́ pé ilé ti jókòó jẹ́ẹ́ láti ọdún gbọọrọ; tí etí ẹ̀ bá mọ́ tó sì mú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ni. Mo máa wo igi tó wà nítòsí. Ilẹ̀ amọ̀ máa ń sún kì tí gbòǹgbò bá fa omi inú ẹ̀ gbẹ lásìkò ọ̀dá. Ọ̀dá 1976 ní Ìlú Ọba, ilé tó rì lápá kan tó sì sán pọ̀ lọ jàra, bẹ́ẹ̀ 1971 ni àwọn oníbánigbófò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irú ẹ̀ kún ohun tí wọ́n máa sanwó fún. Tí mo bá fura, mo máa ní kí wọ́n lẹ ìwọ̀n mọ́ ojú ibi tó sán kí wọ́n máa wò ó láti ìgbà òtútù dé ìgbà ooru kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà igi ni wọ́n máa gé, kò ní sí ìpìlẹ̀ tuntun kankan. Ìpinnu yẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wo gbogbo ilé, kì í ṣe ẹni tí wọ́n pè wá torí bíìmù kan.

Dámọ́lá_T
Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mọ́mì ÌyáÌbejì, ti ọ̀rinrin yẹn, mo ti lọ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi 😀 Ẹ jọ̀ọ́, máàtì ẹ̀ ńkọ́? Àti pé ṣé bákan náà ni iṣẹ́ yìí ṣe rí níbi gbogbo?

Kọ́lé_Kọ́lá
Máàtì tó o máa lò ni ìwọ̀n, ìdá ọgọ́rùn-ún, igun òrùlé, ìṣirò owó. Kò sí calculus tó máa dí ẹ lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Adétutù_M
Ti ìbéèrè kejì, rárá o, kò rí bákan náà. Ọsirélíà ni mo wà. Níbí, building surveyor ló ń yẹ pílánù wò bóyá ó bá National Construction Code, ìyẹn ìlànà ìkọ́lé Ọsirélíà, mu kó tó fún wọn ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, òun ló máa rí sí i pé wọ́n yẹ sáìtì wò ní àwọn ìpele tí òfin là sílẹ̀, bíi kí wọ́n tó da kọnkéré sí ìpìlẹ̀ àti nígbà tí férémù bá ti dúró, òun náà ló sì máa fọwọ́ sí i ní ìkẹyìn pé èèyàn lè kó wọbẹ̀. Ní Ìlú Ọba, building control ni wọ́n ń pe ẹ̀ka tó ń ṣe ìyẹn. Nítorí náà ibi tó o bá fẹ́ ṣiṣẹ́, lọ ka òfin ibẹ̀ kó o tó mú kọ́ọ̀sì, kó má lọ jẹ́ pé sátífíkéètì ẹ kò ní jẹ́ kí wọ́n fún ẹ ní láísẹ́ńsì.

Má rò pé iṣẹ́ ká kàn máa tẹ òǹtẹ̀ ni o. Ní November 2014, sìgá kan dá iná sílẹ̀ ní báńkóní ilé gíga kan ní Melbourne tí wọ́n ń pè ní Lacrosse. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi bo ara ilé jẹ́ alumíníọ́mù níta, ike ló wà láàárín ẹ̀, iná bá gba ara ẹ̀ gun òkè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí ẹnì kankan ò kú. Nígbà tí wọ́n dájọ́ ní 2019, nínú ẹ̀bi náà wọ́n gbé ìdá 39 nínú 100 lé ẹnjiníà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná lórí, wọ́n gbé 33 lé building surveyor, wọ́n gbé 25 lé ayàwòrán ilé. Ìdá 33 torí ìbuwọ́lù! Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa pé ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí, ẹ̀mí èèyàn ló wà lẹ́yìn ẹ̀.

BàbáÀgbà_Sáìtì
Ọ̀rọ̀ Adétutù yìí, ó ti pẹ́ nílé ayé. Nígbà tí iná jó Lọ́ńdọ̀nù ní 1666, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e ní kí wọ́n fi bíríkì tàbí òkúta kọ́ ilé tuntun, ó sì ní kí wọ́n yan àwọn sáfẹ́yọ̀ tó máa rí i pé wọ́n tẹ̀ lé e. Ẹ wá wo òde òní. Ní June 14, 2017, iná jó Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, èèyàn 72 kú, pánẹ́ẹ̀lì ara ilé ló tún wà nídìí ẹ̀. Ìyẹn ló bí Building Safety Act 2022, láti April 2024 sì ni ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ building control ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kó sì fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ dé ìpele tí òun ń ṣe. Dámọ́lá, wọ́n ń wá èèyàn síbẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ńbẹ̀ ló ti dàgbà.

Èmi ní tèmi, ilé àtijọ́ ni mo fẹ́ràn. Ògiri bíríkì tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹfun (lime) ni wọ́n fi mọ ọ́n, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Ẹfun rọ̀ ju bíríkì lọ, omi tó bá wọ ara ògiri máa gba ojú ẹfun yẹn jáde padà. Ẹnì kan á wá dé, á fọ ẹfun kúrò, á fi sìmẹ́ńtì dí i, ó máa dán, onílé á dúpẹ́. Sìmẹ́ńtì le ju bíríkì, omi ò sì rọ́nà gba inú ẹ̀ jáde, bí ìgbà tí èèyàn wọ aṣọ òjò lábẹ́ oòrùn tí òógùn ò ráyè gbẹ. Omi á wá gba ojú bíríkì, òtútù á mú un, á di yìnyín, á wú, ojú bíríkì á sì máa ṣí já bọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wàá rí i pé ìlà sìmẹ́ńtì nìkan ló yọ síta, bíríkì ti jẹ wọlé lẹ́yìn ẹ̀. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí i, torí ògiri ọ̀hún ìbá tún lo ọgọ́rùn-ún ọdún míì. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé àtijọ́ wà nínú kọ́ọ̀sì yìí, kò pọ̀ tó lójú tèmi, ṣùgbọ́n èèyàn lè lọ fi másítà kún un.

Sùúrù_Lérè
Dámọ́lá, o ní o fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òfin. Wá sọ́dọ̀ wa! Ẹ jẹ́ n sọ méjì.

Àkọ́kọ́ ni ògiri àjọni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, Party Wall Act 1996 ní kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ògiri tí òun àti aládùúgbò jọ ní kọ̀wé fún aládùúgbò ní oṣù 2 ṣáájú, tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ló fẹ́ gbẹ́ nítòsí ilé ẹnì kejì, oṣù 1. Tí aládùúgbò ò bá fèsì láàárín ọjọ́ 14, òfin gbà pé aáwọ̀ ti wà, wọ́n máa yan sáfẹ́yọ̀. Ibi tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ nìyí: sáfẹ́yọ̀ yẹn kì í ṣe lọ́yà ẹni tó yàn án o, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ló ń sanwó ẹ̀, ohun tí òfin sọ ló gbọ́dọ̀ ṣe, kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Wàá máa jókòó sí pálọ̀ àwọn tí kò kí ara wọn mọ́, wàá sì jẹ́ kí iṣẹ́ lọ.

Èkejì ni dilapidations. Ilé-iṣẹ́ kan háyà ilé, àdéhùn ní kó dá a padà bó ṣe gbà á. Tó bá fẹ́ kó jáde, onílé á rán building surveyor wá, á kọ gbogbo ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tó máa ná wọn. Ayálégbé náà á gba building surveyor tiẹ̀, òun á máa dá a lóhùn láti ìlà dé ìlà. Òfin kan wà láti 1927 tó sọ pé owó tí onílé máa gbà fún àtúnṣe kò gbọdọ̀ ju iye tí ilé fi dínkù lójú ọjà, àti pé tí onílé bá ti fẹ́ wó ilé náà, kò lè gba owó àtúnṣe ohun tó fẹ́ wó. Mélòó ni ayálégbé tó mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ háyà ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì pé kó ya fótò gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀ lọ́jọ́ tó bá gba kọ́kọ́rọ́, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àdéhùn.

Jẹ́jẹ́_Layé
Mo kàn fẹ́ fi ti owó ilé ìwé kún un, torí kì í ṣe gbogbo wa la ní ẹni tó máa sanwó fún wa. Degree apprenticeship ni mo gbà wọlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, wọ́n ń sanwó oṣù fún mi, mo sì ń lọ yunifásítì láàárín ọ̀sẹ̀, mi ò san owó ilé ìwé kankan. Ó ń rẹ èèyàn o, ìrọ̀lẹ́ lo máa ń kọ assignment, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ ní kíláàsì lónìí, wàá fojú rí i lórí òrùlé lọ́la.

Lẹ́yìn dígírì, tó o bá fẹ́ di chartered, ìyẹn sáfẹ́yọ̀ tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, lọ́dọ̀ RICS (1868 ni wọ́n ti dá wọn sílẹ̀, wọ́n mọ̀ wọ́n ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀), wàá ṣe APC, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá o tóótun. Fún ẹni tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, oṣù 24 ló máa fi ṣiṣẹ́ tó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, á kọ case study ọ̀rọ̀ 3,000 lórí iṣẹ́ kan tó ṣe, á wá jókòó síwájú àwọn àgbà iṣẹ́ fún wákàtí 1. Ìṣẹ́jú 10 ló máa fi ṣàlàyé case study ẹ̀, ìyókù ìbéèrè ni. Wọ́n máa ń bi èèyàn nípa ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́, bíi kí lo máa ṣe tí kọ́ńtírátọ̀ bá fún ẹ lẹ́bùn, ẹni tí kò bá sì mọ ìdáhùn ìyẹn, wọ́n lè torí ẹ̀ nìkan já a. Ẹgbẹ́ míì náà wà bíi CIOB àti CABE, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mò ń tọ̀ nìyẹn.

Tẹkí_Gbọ̀ngàn
Ẹ má bínú sí mi o, ìbéèrè ni. Dírónù ti wà, ẹ̀rọ tó ń ya ilé ní lésà látòkè délẹ̀ ti wà, AI sì ti ń kọ rípọ́ọ̀tù. Ṣé tí ọmọ yìí bá fi máa ṣe tán, iṣẹ́ ṣì máa wà ńbẹ̀?

Kọ́lé_Kọ́lá
Ìbéèrè gidi ni. A ń lo dírónù, ó ti jẹ́ ká bọ́ lọ́wọ́ àkàsọ̀ gíga, mo sì gbóṣùbà fún un. Kámẹ́rà tó ń rí ooru náà wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà yẹn, tí inú ilé àti ìta ò bá yàtọ̀ tó bíi 10°C, kò ní fi nǹkan gidi hàn ẹ́, tí oòrùn bá sì ti pa ògiri láàárọ̀, irọ́ ló máa pa fún ẹ. Ẹ̀rọ ń kó ohun tó rí wá, kò lè ṣí pákó ilẹ̀ sókè kó gbóòórùn igi tó ń rà, kò sì lè bi ìyá àgbà tó ń gbé lókè pé ìgbà wo ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, èèyàn ni adájọ́ máa pè, kì í ṣe dírónù. Iṣẹ́ tuntun ló tún ń wọlé, gbogbo ilé tí wọ́n fẹ́ dín iná tó ń jẹ kù, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n á ti fi nǹkan bo ògiri tí ọ̀rinrin ò fi ní ká mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Ní Hong Kong, láti 2012, ilé tó bá ti pé ọdún 30, ìjọba lè kọ̀wé sí i pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lè padà wá lẹ́yìn ọdún 10. Ilé ń darúgbó níbi gbogbo láyé.

ÌyáÌbejì_Ilé
Ẹ jẹ́ n fèsì sí ti AI tó ń kọ rípọ́ọ̀tù yẹn, torí ibẹ̀ ló ká mi lára jù.

Ilé alájà 12 kan wà ní Surfside lẹ́bàá Miami, Champlain Towers South, 1981 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Ní 2018 ẹnjiníà kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tó yẹ kó máa dí omi lọ́nà lábẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ti bàjẹ́, pé omi ò rí ibi ṣàn lọ torí ojú ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, pé ó ti ń ba kọnkéré jẹ́. Ìwé yẹn wà nílẹ̀. Àwọn onílé ń jiyàn lórí owó, ọdún ń lọ. Ní June 24, 2021, lóru, apá kan ilé náà wó, èèyàn 98 kú. Ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa ìwó rẹ̀ pọ̀, mi ò ní sọ pé ìwé kan ṣoṣo ni ì bá gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń kọ rípọ́ọ̀tù, mo máa ń bi ara mi pé tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ilé bá ka ojú ìwé àkọ́kọ́ yìí, ṣé ó máa mọ ohun tó yẹ kó ṣe lọ́sẹ̀ yìí? Tí ewu bá wà, òun ló máa ṣíwájú, pẹ̀lú fótò, pẹ̀lú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọn ò bá ṣe é, pẹ̀lú ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣe é. Kì í ṣe kó wà ní ojú ìwé 43 láàárín ọ̀rọ̀ ọ̀dà fèrèsé. Rípọ́ọ̀tù tí gbogbo ìlà ẹ̀ ń sọ pé "ẹ lọ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n" kò ran ẹnì kankan lọ́wọ́. Dámọ́lá, tó o bá mọ̀wé kọ kó yéni yékéyéké, o ti ní ìdajì iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, mo sì ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Ògbólógbòó_Eng
Mọ́mì, ẹ sọ̀rọ̀. Ti Surfside yẹn kan àwa ẹnjiníà náà gbọ̀ngbọ̀n. Mo ṣì dúró lórí ti engineering fún ẹni tí máàtì bá dùn mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti sọ pé ó ń sú òun, mi ò ní fi dandan lé e.

BàbáÀgbà_Sáìtì
Ọmọ yìí ní ká sọ èyí tí ò dáa, a ò tíì sọ ọ́ tó. Òtútù wà ńbẹ̀, òkùnkùn òkè àjà wà ńbẹ̀ tí wàá máa fi orúnkún rìn láàárín igi. Ilé tí wọ́n kọ́ kí ọdún 2000 tó pé ní Ìlú Ọba, asbẹ́sítọ́ọ̀sì, tí eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, lè wà níbikíbi nínú ẹ̀, torí 1999 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dè é tán, nítorí náà wọn kì í kàn fọ́ nǹkan láti wo ẹ̀yìn ẹ̀. Èèyàn lè pè ẹ́ lẹ́jọ́ lọ́dún púpọ̀ lẹ́yìn tó o ti gbàgbé ilé náà, ìdí nìyẹn tí ìbánigbófò iṣẹ́ fi jẹ́ dandan, owó ẹ̀ sì ń lọ sókè fún àwọn tó bá ń fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ pánẹ́ẹ̀lì àti iná. Àwọn oníbàárà míì á fẹ́ kó o dẹ ọ̀rọ̀ lójú torí wọ́n fẹ́ ta ilé. O gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́.

Sùúrù_Lérè
Àti pé kì í ṣe gbogbo ọ́fíìsì ló máa kọ́ ẹ bó ṣe yẹ. Àwọn míì á kàn máa rán ọmọ tuntun lọ ya fótò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó o bá lọ íntáfíù, ìwọ náà bi wọ́n: ta ni mo máa tẹ̀ lé lọ sáìtì? Irú iṣẹ́ mélòó ni mo máa fọwọ́ kàn lọ́dún àkọ́kọ́?

Dámọ́lá_T
Ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á bùkún yín. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún dádì mi, ibi tí ẹ̀gbọ́n Ògbólógbòó ti ní òun ò ní fi dandan lé mi ni wọ́n ní kí n tún kà 😀 Wọ́n ní tí mo bá lè ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe máa mọ yunifásítì tó dáa, àwọn gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa wò? Kí sì ni mo lè máa ṣe kí ilé ìwé tó wọlé?

Kọ́lé_Kọ́lá
Inú mi dùn gan-an! Kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹgbẹ́ iṣẹ́ ìlú tó o fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ kọ́ọ̀sì yẹn, má gba ọ̀rọ̀ ẹnu yunifásítì nìkan, lọ sórí ìkànnì ẹgbẹ́ náà fúnra ẹ. Wo iye kíláàsì tó jẹ́ ti building pathology, tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún 3, kò tó. Bèèrè iye ìgbà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ wo ilé gidi, àti bóyá àwọn olùkọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ níta. Bèèrè bóyá wọ́n máa ń bá ọmọ wá ibi tó máa ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan yẹn, tàbí ìwọ lo máa dá a wá.

ÌyáÌbejì_Ilé
Kí ilé ìwé tó wọlé, mú téèpù àti ìwé ńlá kan, wọn ilé tó ò ń gbé, kó o ya pílánù ẹ̀, kó bára mu ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò ní bára mu nígbà àkọ́kọ́, tún un wọ̀n. Ìgbà tí òjò bá ń rọ̀, bọ́ síta kó o wo ibi tí omi ń gbà láti òrùlé dé ilẹ̀, kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, mú nǹkan kan tó bàjẹ́ nínú ilé, ọ̀kan péré, kọ ojú ìwé kan lórí ẹ̀: ohun tó o rí, ohun tó o rò pé ó fà á, ohun tó o ṣì fẹ́ yẹ̀ wò kó o tó dá ara ẹ lójú. Fún dádì ẹ kí wọ́n kà á. Kó o wá gbé òun àti orúkọ àwọn yunifásítì tó o mú wá síbí, a máa bá ẹ yẹ méjèèjì wò.